Orí Kẹfà: Pákópákó ní Oríta Siporex

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Oníbànújẹ́ ti panu mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Àgùdà kò ní í béèrè ìdí. Tí wọ́n bá ti kọ orin ògo tán ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, agogo kò gbọdọ̀ dún mọ́ títí di àìsùn Àjíǹde. Àwọn ìyá wa a máa tan ọmọdé pé agogo ti fò lọ sí Róòmù, pé ó ń bọ̀. Lọ́dún 2011 yẹn, ní Yopougon, àdúgbò kan ní Abidjan, kò sí ọmọ tó béèrè ibi tí agogo lọ. Ìbọn ló ń dún dípò rẹ̀, ọmọ kì í sì í béèrè ibi tí ìbọn ti ń bọ̀ kó tó wọ abẹ́ ibùsùn.

Ní Plateau, níbi tí ilé ìjọba wà, àwọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti ń sọ pé ogun ti parí. Wọ́n ti mú ààrẹ àná, ààrẹ tuntun ti jókòó, rédíò ti ń kọrin. Ogun ti parí! Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ogun kì í parí níbi tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Ibi tó bá sá sí ló ti ń kú, a sì máa ta ìpá kó tó kú. Yopougon ló sá sí. Gbogbo ọmọkùnrin tó jà fún ààrẹ àná, tí wọ́n lé kúrò ní Koumassi, tí wọ́n lé kúrò ní Adjamé, Yopougon ni wọ́n já sí pẹ̀lú ìbọn àti ìtìjú. Wọ́n fi táyà àti àwókù fìríìjì dí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ìmàle, ẹni tó bá ní àmì ìforíkanlẹ̀ níwájú orí, àjèjì tí ahọ́n rẹ̀ kò bá yí Faransé dáadáa, wọ́n á ní ọ̀tá ni. Táyà kan, bẹntiróòlù díẹ̀, ó parí.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni Bọ́láṣadé wà. Ìyá Ṣèyí ni gbogbo ọjà Siporex mọ̀ ọ́n sí, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ abẹ́ Olúmọ, onílèésì tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ lọ. Fadá òyìnbó ló da omi mímọ́ sórí baba baba rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ilé-ìwé jìnnà, kò sì bẹ̀rù ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Àlàájì Moucharafou fara kanra lọ́jà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájì, ọmọ Ajílété, ìkòkò àti abọ́ irin ló ń tà. Mùkàrámà ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ Bọ́láṣadé. Nígbà tí àìsàn ń mú Mùkàrámà lọ, ṣáájú ogun, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ó ní, "Látífà nìkan ni mo bí. Má jẹ́ kí ìlú yìí gbé e mì." Bọ́láṣadé fi ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń tẹ̀ búra fún un, ó tún fi Màríà tì í. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ àti Màríà búra pọ̀ kò ní ibi tó máa sá gbà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n sun Wàhábì mẹkáníìkì ní ìkángun ọjà, Bọ́láṣadé fa Àlàájì àti Látífà ọmọ rẹ̀ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀: Jùlá, Mossi, Sẹ̀nẹ̀gà, Ànàgó, ìyẹn Yorùbá, bíi tiwọn. Wọ́n ń sùn láàárín àga. Wọ́n ń kírun lẹ́yìn ilé ìdáná Fadá. Kò sí ẹni tó yọ wọ́n lẹ́nu. Àfi ìgbà tí iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn ọmọ tó dí ọ̀nà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tonnerre, ìyẹn ni Àrá. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ń bọ̀ wá gbá ọgbà Màríà mọ́ kí Ọdún Àjíǹde tó wọlé.

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ ọ̀hún dé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jókòó ìgbìmọ̀ ní yàrá tí Fadá ti ń wọ aṣọ ìsìn.

Wọ́n ti fi aṣọ àlùkò bo gbogbo ère, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìyà Olúwa. Ère Màríà tó wà ní igun yàrá dà bí obìnrin tí wọ́n fi aṣọ dì kó má baà rí ohun tó ń bọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n: Fadá, ọmọ Abidjan, tí àìsùn ti pọ́n lójú, Bọ́láṣadé, olórí àwọn obìnrin, Àlàájì Moucharafou, ẹnu fún àwọn tó sá wá, àti Lazare katikíìsì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Ọmọ Kétu ni Lazare. Yorùbá rẹ̀ ní adùn àtijọ́ lẹ́nu, bí ẹ̀kọ inú ewé. Ìlú yìí ti kọ́ bí a ṣe ń lé ènìyàn tipẹ́: lọ́dún 1958 tí àwọn ọ̀dọ́ Abidjan dìde sí àwọn ará Dàhòmì, ilẹ̀ tí Kétu wà, ẹ̀yìn pẹpẹ kan ní Treichville ni baba rẹ̀ sá sí. Káfíńtà ni. Ọkọ̀ ojú omi gbé e padà sílé, ó sì tún padà wá, nítorí ẹni tó bá ti mu omi ọ̀sà Abidjan, omi mìíràn kì í pa òùngbẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, baba náà ló fi ìrókò gbẹ́ ohun tí wọ́n ń lù dípò agogo láàárín Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ sí Àjíǹde: pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní ọwọ́, àti òòlù igi tó so mọ́ ọn. Bí a bá mì ín, á ní pá-kó, pá-kó. Ìró rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìró tó gbẹ ni, bí eegun tó ń kan eegun. Lórí ẹsẹ̀ Lazare ni pákópákó náà wà bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Fadá," Bọ́láṣadé ló kọ́kọ́ là á, "tí a bá jókòó síbí di Àbámẹ́ta, àdúrà òkú lẹ máa kà lé wa lórí, kò sì ní í sí ẹni tó máa ṣe Àmín."

"Kí ni ká ṣe, Ìyá Ṣèyí? Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n dí."

"Ọ̀nà kan wà tí wọn kò lè dí," Lazare dáhùn. "Ọ̀nà Àgbélébùú. Ọdọọdún, ní Ẹtì Rere, à ń gbé e láti ibí, à ń gba oríta Siporex kọjá, títí dé ilé àdúrà kékeré lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Adjamé. Àwọn sójà ààrẹ tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ Tonnerre kò jẹ́ dá a dúró. Ìyá wọn ló ń kọrin nínú rẹ̀."

"Kí àwọn wọ̀nyí rìn láàárín wa?" ni Fadá béèrè.

"Kí wọ́n rìn láàárín wa."

Àlàájì húkọ́. "Katikíìsì, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n ṣe àmì yín yẹn ńkọ́?" Ó fi ìka tọ́ka sí iwájú orí rẹ̀, sí àyà, kò fọwọ́ kàn án. "Mo ti dé Mẹ́kà. N kò ní í fi irọ́ pàdé Ọlọ́run mi lọ́jọ́ tó lè jẹ́ ọjọ́ ikú mi."

"Àlàájì!" Bọ́láṣadé fò dìde. "Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ṣé ó máa ń béèrè bóyá omi àlùwàlá ni wọ́n fẹ́ fi pa á?"

"Ìyá Ṣèyí, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ pé Màríà kì í ṣe ìyá Jésù kí ẹ tó kọjá ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ gbá onítọ̀hún létí ná."

"Ẹ ò rí nǹkan?"

Bọ́láṣadé jókòó.

"Kò sí ẹni tó máa ṣe àmì kankan," ni Lazare wí. "Ẹni tó bá ru àgbélébùú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣófo. Ta ló máa ní kó sọ igi Olúwa sílẹ̀ kó wá ṣe àmì? Àlàájì á gbé e níwájú, Abdoul tó ń ta búrẹ́dì á gbé e lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin yòókù á gbé ère Màríà, àkàsọ̀, fìtílà. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ẹnì kankan ṣófo. A ó fi ọ̀já àlùkò di iwájú orí wọn bí onírònúpìwàdà. Tí wọ́n bá sì béèrè orúkọ wọn, wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ àìsọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa máa ń jẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Tonnerre mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ ta?" ni Bọ́láṣadé bi í.

"Tonnerre. Florentin ló ń jẹ́ nígbà tó ń gbé àbẹ́là fún mi. Ọmọ tó gbọ́n ni. Ó mọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ju ọmọ Fadá lọ."

"Fadá ò bímọ, Katikíìsì."

Fadá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀. Àlàájì náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

Bọ́láṣadé gba pákópákó lẹ́sẹ̀ Lazare, ó gbé e lé orí tábìlì. "Ká búra," ó ní. "Ogun tí a kò bá búra sí, ẹsẹ̀ ló máa ń tú u ká."

"Olúwa ní kí a má ṣe búra rárá," ni Fadá wí.

"Olúwa ò gbé Yopougon, Fadá."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé igi náà, dúdú lórí dúdú, ti Àlàájì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà tó wé mọ́ ọn. Bọ́láṣadé ló pe ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun ni ẹnu rẹ̀ yá: "Ẹni tó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, kí igi yìí máa ké sí i létí títí ọjọ́ ayé rẹ̀."

Wọ́n ní Àmín. Ẹnu ẹyẹ níí pa ẹyẹ, ẹnu òrofó níí pa òrofó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ṣí géètì.

Lazare ló ṣáájú. Pá-kó. Pá-kó. Fadá tẹ̀lé e nínú aṣọ pupa. Àgbélébùú tẹ̀lé Fadá, Àlàájì Moucharafou lábẹ́ rẹ̀ níwájú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ọ̀já àlùkò bo àmì iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn Abdoul ni àwọn tó gbé Màríà tí wọ́n faṣọ bò, lẹ́yìn wọn ni gbogbo ìjọ. Bọ́láṣadé wà láàárín àwọn obìnrin, ó fi apá rẹ̀ kọ́ apá Látífà, àbẹ́là kan lọ́wọ́ ọmọ náà. "Tí wọ́n bá wò ẹ́, kọrin," ó sọ fún un. "O ò mọ orin? Máa la ẹnu. Ìdajì àwọn ọmọ kọ́yà náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Látífà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè rín in.

Ìlú tí wọ́n ń là kọjá kò dà bí ìlú tí wọ́n mọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ láìsí onílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan jókòó láàárín títì, aṣọ ìkómọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Níbi kan, wọ́n fi páànù bo ohun kan, ẹsẹ̀ méjì yọ. Fadá ka ìdúró Jésù pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ìkẹrin nínú ìdúró mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú. Nígbà tí wọ́n dé ìkángun ọjà, Lazare dáwọ́ pákópákó dúró fúnra rẹ̀. Òbìrìkìtì dúdú kan wà lórí ọ̀dà títì, wáyà táyà sì wà láàárín rẹ̀. Wàhábì nìyẹn. Ẹni tó ti tún ọkọ̀ Fadá ṣe láìmọye ìgbà, tí kì í gbowó lọ́wọ́ Fadá. Kò sí ìdúró níbẹ̀ látayébáyé, ṣùgbọ́n Fadá ka ibi tí Jésù ti ṣubú. Bọ́láṣadé rí ètè Àlàájì tó ń mì lábẹ́ igi. Àdúrà tirẹ̀ ló ń gbà fún òkú, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lábẹ́ àgbélébùú, kò sì sí ẹni tó gbọ́ àyàfi ẹni tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, bàráàjì tí wọ́n fi dí ọ̀nà yọ níwájú wọn: fìríìjì, táyà, àga ilé-ìwé. Tonnerre jókòó lórí fìríìjì, ìbọn lórí itan, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àti oògùn jọ so lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó rí Lazare, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Mon maître." Olùkọ́ mi nìyẹn.

"Florentin."

Kò sí ẹni tó ń pè é ní Florentin mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wo ara wọn. Ó rìn wọ àárín èrò, ó ń wo ojú kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níwájú Bọ́láṣadé, ó fi Faransé kí i bí ẹni ń kí àǹtí.

"Tantie léèsì. Ẹ ṣì wà láyé?"

"Ikú gan-an ń bẹ̀rù ẹnu mi. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní abúlé."

"Kí ló dé tó ò bá a lọ? Àga ilé-ìwé lo kó sójú títì yìí. Ìgbà tí wọ́n ní kó o jókòó lórí rẹ̀, o ò jókòó."

Àwọn ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín. Tonnerre náà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára Bọ́láṣadé. Ó ń wo ẹni tó wà lábẹ́ àgbélébùú.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ́?"

Àlàájì dákẹ́.

"Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìsọ̀rọ̀," ni Lazare wí.

Tonnerre mi orí. "Ìyá mi náà máa ń jẹ́ ẹ." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ kò rò. "Ó ti pẹ́ tí mo rìn ín. Èmi náà á bá yín dé ìdúró kejìlá."

Ó fi ìbọn kọ́ èjìká, ó tò sẹ́yìn àgbélébùú, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Báyìí ni ẹran ṣe ń rìn, tí ẹkùn ń bá a kọrin.

Ìdúró kejìlá, níbi tí Jésù ti kú, oríta Siporex gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Níbẹ̀ ni àṣìṣe wọn ti dúró dè wọ́n. Ọdọọdún, tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á gbé àgbélébùú nàró, wọ́n á fi òkúta tì í lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì kúnlẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lazare mọ èyí bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí a bá sì mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ́kàn nígbà ìgbìmọ̀. Kò sí ẹnì kan tó rántí pé igi náà máa kúrò léjìká Àlàájì, pé ọwọ́ rẹ̀ máa ṣófo.

Wọ́n gbé igi nàró. Gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sórí oríta, irú èyí tí eṣinṣin fi ń dà bí ọkọ̀. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí, òjìji àgbélébùú ti ń gùn lórí ọ̀dà. Àsárì ti ń kanlẹ̀kùn.

Bọ́láṣadé ń wo Àlàájì láti ẹ̀yìn. Ó rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀, bí èjìká ẹni tó délé. Ó rí i tí orúnkún rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àgbélébùú, sí apá ìlà-oòrùn. Ara tó ti ń kírun láti kékeré kò sí nínú ìgbìmọ̀, ara ò mọ̀ pé ogun wà. Àlàájì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sì fi iwájú orí kan ọ̀dà gbígbóná.

Tonnerre gbé orí sókè. Ìka rẹ̀ kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, ó ń wá ìbọn.

Bọ́láṣadé kò rò ó. Ká ló rò ó ni, ì bá ti pẹ́ jù. Ó yí orúnkún rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó sì forí balẹ̀. Ọ̀dà jó o níwájú orí bí irin ìlọṣọ. Ó gbọ́ tí Látífà wó tì í. Ó gbọ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ń dún wàìwàì bí oko àgbàdo tí afẹ́fẹ́ tẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin, lẹ́yìn náà Fadá fúnra rẹ̀ nínú aṣọ pupa. Lazare náà lọlẹ̀. Àwọn ọmọ bàráàjì rí i pé Fadá ti wà nílẹ̀, ojú tì wọ́n láti dúró, wọ́n fi ìbọn lélẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀. Gbogbo oríta kọjú sí ibì kan náà. Ohun méjì péré ló ṣì dúró: àgbélébùú, àti Tonnerre.

Bàtà rẹ̀ rìn wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Bọ́láṣadé.

"Tantie, ẹ dìde."

Ó dìde, ọ̀dà níwájú orí.

"Ìgbà tí mo ń gbé àbẹ́là, a máa ń kúnlẹ̀ ni. Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Nígbà tí ò ń gbé àbẹ́là, ṣé òkú sùn sójú títì báyìí? Tí òkú bá wà nílẹ̀, kí ni alààyè ń nàró ṣe?"

"Kí ló dé tí ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí àgbélébùú?"

Bọ́láṣadé la ẹnu. Ẹnu tí kò tíì já a kulẹ̀ rí. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Florentin." Lazare ló dáhùn, ó ti dìde lórí orúnkún. "Pẹpẹ wa àtijọ́, kí wọ́n tó wó o, apá ibo ló kọjú sí?"

"Ìlà-oòrùn."

"Kí ni mo ní ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ ní ibẹ̀ ni Olúwa yóò gbà padà wá."

"O ṣì mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Tonnerre tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó wà níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Ó dáa. Ẹ búra fún mi, mon maître. Ẹ gbé ọwọ́ lé àgbélébùú, kẹ́ ẹ sọ pé kò sí ìmàle kankan níbí. Tí ẹ bá ti búra, wọ́n ti kọjá. Ẹ ò purọ́ fún mi rí."

Purọ́, ni Bọ́láṣadé ń sọ nínú ọkàn rẹ̀. Purọ́, ọmọ Kétu. Fadá á gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ lọ́la.

Lazare wo igi náà sókè.

"N kò ní í búra."

"Kí ló dé?"

"Òní lọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rí èké pa á."

Àwọn ọmọ gbé ìbọn. Látífà di aṣọ Bọ́láṣadé mú lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Lazare kò tíì parí ọ̀rọ̀. "N kò ní í búra, ṣùgbọ́n n kò ní kí o má gba ìdógò. Láyé àwọn baba wa, tí ogun bá dí ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ kọjá á fi ẹnì kan nínú àwọn tirẹ̀ dógò. Gbà mí. Jẹ́ kí wọ́n kọjá."

"Tí wọ́n bá débẹ̀, tí wọ́n rán àwọn sójà ọ̀hún sí mi ńkọ́?"

"Ọrùn mi rèé."

"Irọ́ ni!" Bọ́láṣadé ti fa apá aṣọ rẹ̀ mú. "A jọ jáde, a jọ máa dé ni. A búra, Lazare! Ọwọ́ rẹ wà lórí igi!"

Lazare yí sí i. Yorùbá Kétu ló fi dá a lóhùn, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. "Ìyá Ṣèyí, ta lẹ kọ́kọ́ búra fún?"

Bọ́láṣadé wo Látífà, ọmọ Mùkàrámà.

"Ẹ mú wọn lọ. Màá dúró síbí, màá máa lu igi yìí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, mo wà láàyè. Ẹ má bojú wẹ̀yìn o. Ẹni tó bá ń bojú wẹ̀yìn, wọ́n á mọ̀ pé ó ń sá."

"Tí n kò bá gbọ́ ọ mọ́ ńkọ́?"

"Nígbà náà, ẹ lè wẹ̀yìn."

Tonnerre gbé ọwọ́. Àwọn ọmọ ṣí ọ̀nà.

Àlàájì Moucharafou fúnra rẹ̀ ló padà gbé igi náà léjìká. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọ̀dà, kò sì lè nù ún, ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Wọ́n rìn. Lẹ́yìn wọn, ní oríta, ó bẹ̀rẹ̀. Pá-kó. Pá-kó. Ẹsẹ̀ wọn gbà á. Kò sí ẹni tó kọrin. Nígbà tí ìró náà bá yára, wọ́n á yára. Nígbà tó bá falẹ̀, ọkàn wọn á dúró. Bọ́láṣadé di ọrùn rẹ̀ le bí ẹni tó ru omi.

Títì márosẹ̀ yọ. Àwọn sójà tuntun yọ, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Fadá ń kígbe pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n gbé àgbélébùú kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà. Nígbà yẹn ni èrò yíjú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n pè.

Àwọn kan ní pákópákó ti dákẹ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ sójà ti dún. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ ṣáájú. Abdoul ní òun gbọ́ ìbọn, ẹyọ kan. Látífà ní òun kò gbọ́ ìbọn kankan.

"Kí lẹ ń wò?" ni Bọ́láṣadé bi wọ́n, ojú rẹ̀ sí iwájú. "Ó ṣì ń dún."

Wọ́n wò ó.

Nígbà tí àwọn ọmọ ìbọn sá tán, tí Yopougon rọlẹ̀, wọ́n wá Lazare. Wọ́n wá a ní oríta, wọ́n wá a nínú kòtò, wọ́n wá a ní etí ọ̀sà. Wọn kò rí i, wọn kò rí sàréè rẹ̀, wọn kò rí pákópákó. Wọ́n ní Tonnerre wà ní Làìbéríà. Àwọn mìíràn ní ọ̀sà ló gbé Tonnerre. Wọ́n ní ẹnì kan rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní abúlé, tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ẹnu ayé ò ní ìdérí.

Títí dòní, ní Ẹtì Rere, tí wọ́n bá dé oríta Siporex, gbogbo ìjọ Ìyá Oníbànújẹ́ á yí sí ìlà-oòrùn, wọ́n á forí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Àgùdà ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ṣílọ sí Koumassi, ó dá nìkan forí balẹ̀ láàárín títì, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Fadá tuntun dé, ó bi wọ́n pé inú ìwé wo ni wọ́n ti rí i. Ó ra pákópákó tuntun, igi dáradára, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láìní agogo, láìní igi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Àlàájì Moucharafou ti darúgbó, àga ni wọ́n ń gbé fún un síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, á bá wọn forí kanlẹ̀. Tí wọ́n bá dìde, gbogbo wọn á yíjú sẹ́yìn, wọ́n á wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Kò sí ẹni tó pa á láṣẹ.

Bọ́láṣadé nìkan ni kì í yíjú.

Lọ́dún yìí, Látífà dúró tì í. Ìsọ̀ léèsì ti di tirẹ̀ báyìí, ó ti bímọ, Mùkàrámà ló sọ ọmọ náà. Ó tẹ̀ mọ́ etí Bọ́láṣadé. "Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í wẹ̀yìn."

"Lazare ní tí n kò bá gbọ́ ọ mọ́ ni."

Látífà tẹ́tí. Ọkọ̀ èrò gbákà ń fọn fèrè, ẹnì kan ń polówó omi tútù, rédíò kan ń kọrin. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un nípa ìbúra tí wọ́n ṣe lórí igi, ìbúra tó ti ẹnu obìnrin yìí jáde, pé kí igi náà máa ké sí etí ẹni tó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ojú ìyá náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bọ́láṣadé di gèlè rẹ̀ le. Ó kọjú síwájú, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì bọ́ sójú ìró. Pá-kó.

Pá-kó.